Ìyá Tí Kò Fẹ́ Kí Ògì Kán Sílẹ̀

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń tọ́mọ lọ́wọ́, ẹ̀yin bàbá náà, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ má kà á dé àárín kí ẹ wá sọ pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ.

1.
Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Zipporah, àdúgbò Lokongoma níbí lòun àti Bámiṣayé ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọdún méje ni wọ́n fi wá ọmọ. Gbogbo ìjọ ló bá wọn gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run tó dá wọn lóhùn, tí Ìfẹ́olúwa fi dé.

Ọmọ pé oṣù mẹ́tàlá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, wàhálà dé. Ẹ̀wà nínú irun. Ìrẹsì lábẹ́ àga. Á ki ọwọ́ bọ ògì, á fi pa ògiri bí ẹni ń kun ilé. Zipporah á ti ibi iṣẹ́ dé, á máa nulẹ̀, kò ní tíì nù ún tán tí ife míì á tún ti dànù.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ilé mi ti di ilé ẹlẹ́dẹ̀!"

Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á tún ju ẹ̀wà míì.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó ń rẹ ìyá. Mi ò bá a wí lórí ìyẹn. Ẹni tí kò bá tíì fi èékánná họ ògì gbígbẹ lára ògiri rí kò lè mọ̀ ọ́n.

2.
Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá Salome, ti abúlé wọn lókè Agbaja wá kí wọn. Màmá bá Zipporah lórí ìkúnlẹ̀, àkísà lọ́wọ́, omijé lójú, ó kí i lédè abúlé wọn.

"Òkun o, ìyàwó mi. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Màámi. Ọmọ yín ló ń jẹun."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹní rọ́bà sílẹ̀, bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, máa bu díẹ̀díẹ̀ síwájú rẹ̀. Tó bá jẹ tán, gbọ̀n ẹní síta fún adìẹ. Ó parí."

"Màámi, ibí kì í ṣe abúlé. Ẹ ò rí kápẹ́ẹ̀tì ni?"

Kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni, funfun báláú. Ilé Zipporah ni àwọn obìnrin ìjọ máa ti ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé, ó sì fẹ́ kí wọ́n rí ilé.

Màmá wò ó títí. "Ṣé kápẹ́ẹ̀tì lẹ gbààwẹ̀ ọdún méje fún?"

Inú bí Zipporah.

3.
Sátidé pé. Aago mẹ́rin ku díẹ̀, ebi ń pa ọmọ. Zipporah ti wọ léèsì, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan kán sílẹ̀. Ló bá gbé ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, ó ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń da ògì sí i, ó fún un nímú kó lè gbé e mì, bí àwọn kan ṣe máa ń rọ ọmọ látijọ́.

Ọmọ ń ké. Màmá pariwo láti ilé ìdáná: "Zipporah! Ọmọ ń sunkún, o ń da ògì sí i lẹ́nu? Gbé e dìde!"

"Ó ku díẹ̀, Màámi! Wọ́n ti dé ẹnu géètì!"

Ẹkún dá. Ògì ti pá ọmọ lórí. Ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ dúdú.

Àwọn obìnrin ìjọ bá igbe nílé dípò orin. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wọn, Martha, òun ló já ọmọ gbà, tó dojú rẹ̀ délẹ̀, tó ń lu ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ bì. Orí kápẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ dà sí.

4.
Ògì ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí ọmọ nímú ní ọsibítù. Jésù ṣàánú, kò kú.

Àmọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé, tí Ìfẹ́olúwa bá ti rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ife, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ọwọ́ Màmá nìkan ló ti ń jẹun, lórí ẹní rọ́bà. Ọmọ náà ti gbẹ.

Bámiṣayé ti ká kápẹ́ẹ̀tì jù síta. Lójoojúmọ́ Zipporah á kúnlẹ̀, á fọwọ́ ara rẹ̀ da ẹ̀wà sílẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀: "Ìfẹ́ mi, bá mọ́mì dà á nù. Jọ̀ọ́, dà á nù."

Ọmọ á máa wò ó, ọwọ́ lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, mo kìlọ̀ fún yín lórúkọ Olúwa: ẹ má gbé ọmọ dùbúlẹ̀ kí ẹ máa rọ ọ́! Ẹ má fún un nímú nítorí oúnjẹ! Ẹ gbé e jókòó, ẹ tẹ́ nǹkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ohun tí ẹ bá ń tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ ọmọ ti di òrìṣà nílé yín, ẹ wó o lónìí. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tọ́mọ lọ́wọ́. Nígbà tí a bẹ Ọlọ́run fún ọmọ, ògì ara ògiri wà nínú ohun tí a bẹ̀ ẹ́ fún.