Ìtẹ́ Eku Inú Ẹ́ńjìnnì

Ọmọbìnrin kan tó jẹ́ mẹkáníìkì tún yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ò fọhùn. Òórùn burúkú ló ń tibẹ̀ bọ̀.

"Ìfẹ́ mi, ṣe kíá. Bàbá rẹ ń retí èmi àna rẹ̀ lódìkejì omi," ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ni ọkọ̀ wí.

"Ṣé o ṣì ń ka àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí ọ?" ni ọmọbìnrin náà bi í.

"Lójoojúmọ́! Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni wọ́n ń sùn."

"Ẹlẹ́nu dídùn!"

Ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Háà! Eku ti gé wáyà jẹ, ó sì ti fi bébà tẹ́ ìtẹ́ tó kún fún ìgbẹ́ àti ìtọ̀. Bó ṣe fẹ́ gbá a dànù ló rí ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ lára bébà náà: "Olówó orí mi ọ̀wọ́n..." Àpòòwé mẹ́ta wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí rárá.

Ó so wáyà náà pọ̀, ẹ́ńjìnnì dún. Ó wá gbé ìtẹ́ náà lé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Gbà. Dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí."