Àkẹtẹ̀ Olórí Akọrin

“Ẹ má sún mọ́ mi o!”

Olórí akọrin, àgbà àfín kan, ló ń kígbe láti òdìkejì títì níwájú ilé ọmọ rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Lánàá ni wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán tó ń wá jẹjẹrẹ awọ ara lọ síbi tó sá pamọ́ sí, tó sì ń run ún. Nítorí ìtànṣán náà ṣì wà lára rẹ̀, dókítà ní kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọ ọwọ́ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ òní ni wọ́n ń sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ lórúkọ.

“Bàbá, ẹ gbàdúrà níbẹ̀ yẹn,” ni ọmọ rẹ̀ obìnrin wí.

“Mo ti gbà á, Ọlọ́run sì ti gbọ́. Ṣí ojú ọmọ kí n rí i.”

“Oòrùn mú jù, Bàbá.”

“Ṣí i.”

Ó ṣí i. Àfín ni.

Bàbá ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó gbé e sí àárín títì, ó sì padà sẹ́yìn. Ọlọ́kadà kan yà fún un.

“Wá mú un,” ó wí. “Òní nìkan ló tóbi jù fún ọmọ náà.”