Igun Yàrá Tó Ń Kùn

Tí ohùn Ṣówándé kò bá mọ́ létí ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ó jókòó sínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ kékeré tó ṣe sílé, ó tún pe orúkọ tó fẹ́ sọ ọmọ náà: "Rẹ̀mílẹ́kún."

"Bàbá, ìró tó nípọn nínú ohùn yín ń kó jọ, ó ń kùn ní igun yàrá yín," ni ẹ̀rọ náà wí. "Yàrá ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ yín."

"Kò kùn bẹ́ẹ̀ lánàá."

Ó wo igun náà. Àárọ̀ yìí ló kó àpò mẹ́fà tí aṣọ ìyàwó rẹ̀ olóògbé wà nínú wọn kúrò níbẹ̀, kí ẹbí lè wá pín in. Àṣé aṣọ ló ń gbé ìró náà mì. Ó wọ́ àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí igun náà, ó tò wọ́n kan àjà, ó sì tún orúkọ náà pè.

"Ó ti mọ́, Bàbá."

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. "Ẹ̀gbọ́n, àwọn aṣọ náà dà?"

"Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́."