Màmá Olójèdé Lọ Jẹ́rìí Lábẹ́ Òkun

Abẹ́ òkun ni ọ́fíìsì erékùṣù wa wà. Ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ti ń lọ fi hàn lọ́dọọdún pé àwọn ṣì wà láàyè.

Fúnmbi, tó ń kọ́ni ní mímòòkùn, gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ Màmá Olójèdé lẹ́yìn. Tíṣà àtijọ́ ni Màmá, kò wẹ odò rí.

"Ẹ máa mí jẹ́jẹ́, mà. Ẹ má sọ̀rọ̀."

"Kí n má sọ̀rọ̀ kẹ̀? Ìyẹn gan-an ló le!"

Nísàlẹ̀, akọ̀wé wo orúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sára síléètì: "E ti ku, ma."

Màmá gba kálámù, ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ó wá kọ sábẹ́ rẹ̀: "Irọ́ ni. Tún un kọ."

Akọ̀wé dá ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà rẹ̀ mọ̀. Ó yára kọ "alààyè", ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ ṣe ni omi ń gbé e sókè.