Wúrà tí Merle ń Ṣọ́

Láti ìgbà tí Dwight, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ti fún un ní owó wúrà kan tó rí rà ní ọjà àlòkù, Merle Hostetter kò bá àwọn àna rẹ̀ jẹ tòlótòló Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí Amẹ́ríkà ń ṣe lọ́dọọdún mọ́ ní Altoona, ìlú wọn. Ẹ̀bùn náà wúwo. Owó ogún dọ́là ti ọdún 1933 ni, irú èyí tí ìjọba ní kí wọ́n yọ́ kó tó dé ọwọ́ aráàlú. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á gbà á, kò sì sí gbà-má-bínú. Merle, tó ti ń kó owó wúrà àtijọ́ jọ láti ìgbà èwe, gbé e wọ yàrá, ó wò ó pẹ́ títí lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó jáde, ó ní òun ti fi í pamọ́ sí yàrá abẹ́ ilé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe débẹ̀.

"Kò ṣeé fi sílẹ̀," ni ó ń wí lọ́dọọdún. "Kò sì ṣeé gbé rìn."

Verna, ìyàwó rẹ̀, a dá wakọ̀ lọ. Tó bá padà dé, a bá ọ̀pá ìpẹja tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, a sì bá Merle nídìí tẹlifíṣọ̀n tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sún tábìlì rẹ̀. Àánú rẹ̀ a máa ṣe é.

Lọ́dún yìí, Verna kò mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Merle, o ti jìyà tó. Mo ti sọ fún wọn."

"O sọ kí ni fún ta ni?"

"Fún Màmá, fún Dwight, fún gbogbo wọn. Bí wúrà ò bá lè lọ sí Altoona, Altoona á wá bá wúrà."

Merle gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Gbogbo wọn?"

"Títí kan àwọn ìbejì Dwight. Màmá tiẹ̀ ń kó ẹrù bọ̀. Ó ní ẹnu ilẹ̀kùn abẹ́ ilé lòun á máa sùn, òun á máa bá ọ ṣọ́ ọ, kí ìwọ náà lè mí."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ìyá mi lò ń bi léèrè ìgbà tó máa lọ?"

"Bóyá kí n kúkú gbé e lọ fún ìjọba."

"Kí wọ́n wá tú gbogbo wúrà rẹ yòókù wò? Ó tì o."

Mọ́tò mẹ́ta ya wọ àgbàlá. Dwight ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀.

"Merle, ẹlẹ́wọ̀n! Mú wa lọ wò ó ká tó jẹun!"

Ìyá ìyàwó tẹ̀ lé e, tòun ti àpótí aṣọ àti ológbò. "Ọmọ mi, ibo ni wọ́n tẹ́ ibùsùn mi sí?"

Verna jáde lọ pàdé wọn.

Merle kúnlẹ̀ wìrì, ó gbé igun tábìlì tẹlifíṣọ̀n sókè, ó yọ owó Dwight, òjé lásán tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà, kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ tó kúrú, níbi tó ti wà láti ọjọ́ tí awò ti tú àṣírí rẹ̀, ó sì sáré lọ wá agolo tí wọ́n máa bá a nínú rẹ̀ lábẹ́ ilé.