Ó Fi Irun Ṣùkú Sọ Ọmọ Di Gíga

Ẹ̀yin òbí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àtimáa gbé ọmọ lọ síbi ìgbafẹ́, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ wá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán pátápátá. Ó lè jẹ́ ọmọ tiyín ló máa gbà là.

1.

Akọ́ládé ń gbé ní Tallaght, nílùú Dublin, ó sì ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Grange Castle. Kì í mutí, kì í ta tẹ́tẹ́. Rólákósítà nìkan ni tirẹ̀, ọkọ̀ eré tó ń gun òkè tó ń já ṣòòròṣò wálẹ̀, tó ń dorí èèyàn kodò. Kò sí ọgbà ìṣeré kan ní Ireland tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀. Tó bá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, á tún wọ bàálù lọ gun ti ìlú míì. Ó ń ya fídíò rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ayélujára, ni àwọn ará ìjọ bá sọ ọ́ ní Bàbá Rólà. Háà, orúkọ yẹn ń dùn mọ́ ọn!

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: kí òun àti Joy, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, jọ gun èyí tó ga jù, kí gbogbo ayé rí i. Ó ti ṣèlérí rẹ̀ fún àwọn tó ń wo fídíò rẹ̀. Àmọ́ ìlà kan wà lára pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò bá kan ìlà náà kò gbọdọ̀ gùn ún. Orí Joy kò kàn án.

2.

"Dádì Joy, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀," ni Morọ́láyọ̀ ìyàwó rẹ̀ wí. "Ṣebí ọmọ ń dàgbà ni? Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá."

"Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa ti ọgbà fún ìgbà òtútù! Mo ti ní a máa gùn ún. A máa gùn ún ni."

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ò tíì jìnnà nílé, ó ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó fi gbé Joy lọ sí Phibsborough, sọ́dọ̀ Sister Jùmọ̀kẹ́ tó máa ń dirí.

"Ẹ bá mi di irun ọmọ yìí ní ṣùkú. Ẹ fi irun àfikún sí i, kó dúró ṣánṣán láàárín orí."

"Ẹ̀ẹ́! Ṣé ó fẹ́ lọ ṣègbéyàwó ni?" Sister Jùmọ̀kẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ ohun tó wà nínú Akọ́ládé. Ó dì í, ó sì dì í dáadáa.

Nínú mọ́tò, Akọ́ládé ká ìbọ̀sẹ̀ sínú bàtà ọmọ kó lè tún ga sí i. "O ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni o. Mọ́mì gan-an, má sọ fún wọn."

Joy gbọ́ Yorùbá, òyìnbó Dublin ló fi ń dáhùn. "Is that not lying, Daddy?"

"Irọ́ kọ́. Ọgbọ́n ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ti bàjẹ́.

3.

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, ṣùkú kan ìlà. Àmọ́ ọmọbìnrin òyìnbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wo irun náà, ó na ọwọ́ láti rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

"Má fọwọ́ kan irun ọmọ mi!" Akọ́ládé jágbe mọ́ ọn. "Ṣé torí pé a jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni?"

Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wọn yíjú wò wọ́n. Ojú ọmọbìnrin náà pọ́n, ìtìjú bò ó. "Sorry, sorry. You're grand," ó wí, pé kò sí wàhálà, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí bàbá fi gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ̀sí, òun ló fi tì í sínú ewu. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn bó ṣe ń jókòó. Ó ní òun ti borí.

4.

Joy fọwọ́ mi irin tó wà láyà rẹ̀, ó ní kò di òun mú.

"Dì í mú fúnra ẹ! Rẹ́rìn-ín, kámẹ́rà ń wò wá."

Ọkọ̀ gbéra. Níbi tó ti kọ́kọ́ dorí kodò, Joy yọ̀ lábẹ́ irin, apá rẹ̀ há. Akọ́ládé gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá aṣọ ọmọ mú, kò rántí kámẹ́rà mọ́. "Olúwa, èmi ni kí o mú! Má mú ọmọ mi!" Bó ṣe ń ké nìyẹn títí ọkọ̀ fi dúró.

Ẹ̀rọ náà ò ṣe àṣìṣe kankan. Ọmọ ni kò tíì tó ẹni tó ń gùn ún.

5.

Pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn ni Morọ́láyọ̀ sáré dé ilé ìwòsàn. "Báwo ni wọ́n ṣe jẹ́ kó gùn ún?"

"Èmi náà ò mọ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó kàn án."

Joy ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì. "It was my hair, Mummy. And the socks. Daddy said not to tell you."

Morọ́láyọ̀ gbé ọwọ́ lé àyà. "Akọ́ládé!"

Látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ, kò dárúkọ mọ́ ọn lórí rí. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀.

Àwọn tí ìjọba ní kí wọ́n máa dáàbò bo ọmọdé wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọgbà náà ní kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Egungun jiná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbúnwọ́ Joy ò nà tán mọ́. Èyí tó wá ń dun Akọ́ládé jù ni pé ọmọ náà ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ mọ́. Tó bá ní òjò ń rọ̀ níta, Joy á kọ́kọ́ lọ yọjú lójú fèrèsé ná.

Òbí, mo bẹ̀ ọ́, má fi ọmọ rẹ wá ìyìn. Ọmọ tí kò tó lónìí máa tó lọ́la, jẹ́ kó dàgbà. Má sì kọ́ ọmọ ní irọ́ kí o wá pè é ní ọgbọ́n, torí orí ìwọ gan-an ni yóò padà sí. Fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí òbí mìíràn kó tó gbéra lọ síbi ìgbafẹ́.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.