Abẹ́ Ibi Tí Mo Jókòó Sí

Ẹ̀rọ ìfọkọ̀ tuntun tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá ń fa mọ́tò wa, mọ́tò ò lọ.

"Alàgbà, ẹ fi jíà sí nútírà!" Ọ̀gá ibẹ̀ ló ń pariwo.

Mo ti pa iná mọ́tò. Jíà ṣì wà ní páàkì.

Búrọ́ọ̀ṣì ńlá ń gbá gíláàsì iwájú. Ṣéènì tó ń fà wá ń han lábẹ́ táyà.

Àyìnkẹ́ ìyàwó mi nawọ́, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ò dún. Bí iná ò bá sì wọlé, jíà ò ní kúrò ní páàkì.

"Baba Gbénga, súìsì yín dà?"

Súìsì ìkọ̀kọ̀ ni. Riwáyà kan ní Ìkòtún ló bá mi fi síbẹ̀ nítorí olè. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ ò lè tan iná. N ò fi han Àyìnkẹ́ rí. Mo ní ohun tí kò bá mọ̀, adigunjalè ò lè fipá gbà á lẹ́nu ẹ̀.

Ó ń fọwọ́ wá a lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ sọ ibi tó wà jàre!"

Kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi.

Gbàà! Mọ́tò tó wà lẹ́yìn ti gbá wa.

"Irú agídí wo rèé, Alàgbà?" Ọ̀gá ń lu gíláàsì.

Àyìnkẹ́ gbójú sókè. Ó wò mí. Ọwọ́ ẹ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

"Baba Gbénga, kí ló dé tí ẹnu yín wọ́ sápá kan?"

Abẹ́ itan ọ̀tún mi ni súìsì wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ò gbéra. Mo ti ń sọ ọ́ látìgbà tó ti bèèrè.